Rọ́bà Omi Inú Bọ́ọ̀sì Tó Ti Dàgbà: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Sókótó, Màídúgùrì àti àwọn ìlú mìíràn ṣe ibùgbé mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Bí ọdún Iléyá bá ń sún mọ́lé, bí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí bí ìròyìn ọ̀fọ̀ bá dé láti ilé, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rò ni ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ọ̀pọ̀ ìjọ àti ọ̀pọ̀ olórí ẹbí ni ó ní bọ́ọ̀sì kan tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n fi ń ṣòwò láàárín ọdún, tí wọ́n sì fi ń kó ará lọ sílé bí àsìkò bá tó. À ń wo táyà rẹ̀, à ń wo bíréèkì rẹ̀, à ń wo iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, nítorí pé ó sá pamọ́ sábẹ́ ìjókòó. Èyí ni àwọn rọ́bà tí ń gbé omi yí ẹ́ńjìnnì ká, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní họ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ṣòro láti lóye. Rọ́bà omi kì í ṣe ohun tí a ń dúró dè kí ó bẹ́ kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀, bí ó ti rí lábẹ́ ìka wa, àti ìrìn àjò tí ó wà níwájú ni ó yẹ kí ó sọ fún wa pé àkókò ti tó.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ LỌ́NÀ JẸ́BÀ

Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1996. Àwa mẹ́rìnlá ni a wọ bọ́ọ̀sì Toyota HiAce àtijọ́ kan ní Kàdúná, tí a dorí kọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà Tẹ́gínà àti Mọ́kwà ni a gbà. Bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó ni ọkọ̀ náà, òun náà ni ó sì ń wà á. Lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ gan-an ni ìyá àgbà kan jókòó sí, pẹ̀lú àpò aṣọ òfì lórí itan rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó papòdà, wọn yóò sì sin ín ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí.

Nígbà tí a kọjá Mọ́kwà, tí oòrùn ti ń rọ̀, abẹ́rẹ́ géèjì tí ó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó hàn gun òkè títí ó fi kan ilà pupa. Bàbá dín eré kù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, abẹ́rẹ́ náà já wálẹ̀, ó padà sí ibi tútù. Inú Bàbá dùn, ó ní, "Olúwa ṣeun, ó ti rọ̀." Ó tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. A kò tíì rin máìlì márùn-ún tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́kọ́kọ́, tí agbára rẹ̀ sì tán pátápátá. Ọkọ̀ dúró gbagidi láàárín igbó.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé omi ti tán nínú ẹ́ńjìnnì. Ooru omi ni abẹ́rẹ́ yẹn ń kà, kì í ka ooru irin. Nígbà tí omi tán, kò rí ohun tí yóò kà mọ́, ó sì sùn sílẹ̀ bí ẹni pé àlàáfíà ti dé. Nígbà tí a gbé ìjókòó sókè, a rí rọ́bà kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ó ti là gbọọrọ lẹ́bàá kílíìpù tí ó dè é mọ́ irin. Lókè rẹ̀ ni rọ́bà ńlá ti rédíétọ̀ wà, tuntun, tí ó ń dán.

Bàbá jókòó sórí òkúta, ó sì sọ tẹnu rẹ̀ fún wa. Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà ni rọ́bà ńlá yẹn ti bẹ́ nígboro Kàdúná. Ọmọ mẹkáníìkì tí ó tún un ṣe sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ gbogbo wọn pa pọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé inú ọkọ̀ yìí." Èsì tí Bàbá fún un ni pé, "Ọmọ mi, èyí tí ó bàjẹ́ ni kí o ṣe. Àwọn yòókù ṣì le."

Ojú ọ̀nà ni a sùn. Ní òwúrọ̀, a rí ọkọ̀ mìíràn tí ó kó wa ní méjì méjì. Nígbà tí ìyá àgbà yẹn dé Ògbómọ̀ṣọ́, agogo méjì ọ̀sán ti lù, wọ́n sì ti bo ilẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ti Bàbá, ooru ti tẹ orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Owó tí ó kó jọ fún ọdún náà kò tó o tún ṣe, ọkọ̀ náà kò sì padà sí Kàdúná títí oṣù kejì ọdún 1997 fi parí.

IṢẸ́ TÍ RỌ́BÀ OMI Ń ṢE

Àwọn tí ó wa bọ́ọ̀sì Volkswagen Kọ́ḿbì ìgbà àtijọ́ yóò rántí pé kò ní omi nínú rárá. Atẹ́gùn ni a fi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn. Ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ńjìnnì olómi rọ́pò èyí tí ó ń lo atẹ́gùn nínú bọ́ọ̀sì wọn tí ń lo bẹntiróòlù. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn tí rédíétọ̀ sì wà níwájú, omi ní láti gba abẹ́ ọkọ̀ láti ìdí dé orí kí ó tó tutù. Bí ọ̀nà omi bá ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé rẹ̀ ń pọ̀ tó, oríkèé kọ̀ọ̀kan ni ó sì lè jò.

Nínú Toyota HiAce àtijọ́ tí ó pọ̀ lọ́wọ́ wa, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Rọ́bà òkè ni ó ń gbé omi gbígbóná láti ẹ́ńjìnnì lọ sínú rédíétọ̀. Rọ́bà ìsàlẹ̀ ni ó ń dá omi tí ó ti tutù padà. Rọ́bà àbùjá, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní báípáàsì, jẹ́ kékeré, òun ni ó sì ń jẹ́ kí omi yípo nínú ẹ́ńjìnnì kí ó tó gbóná tó bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn rọ́bà hítà, èyí tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù fi ń mú inú ọkọ̀ móoru. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì Tòkunbọ̀ tí ó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá ni ó ní hítà kejì lẹ́yìn, rọ́bà rẹ̀ sì gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá. Àwa kò ní ohun tí a fẹ́ fi hítà ṣe ní Sókótó nínú oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n omi ẹ́ńjìnnì lè máa gba inú àwọn rọ́bà náà lójoojúmọ́ síbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ́, gbogbo omi ni yóò gba ibẹ̀ lọ.

Omi yìí kì í ṣe omi tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ooru rẹ̀ máa ń wà láàárín 80 sí 95 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ìdérí rédíétọ̀ sì ń sé atẹ́gùn mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó tó nǹkan bí 13 lórí géèjì tí a fi ń wọn táyà. Agbára yìí wúlò, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí omi tètè hó. Omi lásán ń hó ní 100 létí òkun, ní Jọ́ọ̀sì tí ó wà lórí òkè ó ń hó ní nǹkan bí 96, ṣùgbọ́n lábẹ́ irú ìdérí bẹ́ẹ̀ kò ní hó títí yóò fi tó nǹkan bí 118. Nígbà tí rọ́bà bá wá bẹ́, agbára náà sọnù lójú kan náà, omi di ooru, ẹ́ńjìnnì sì ṣẹ́ kù ní òun nìkan. Ẹ́ńjìnnì púpọ̀ ni a fi alumíníọ̀mù ṣe orí rẹ̀, irin yìí sì tètè ń tẹ̀ bí ó bá gbóná kọjá ààlà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì yóò jóná, omi àti ọ́ìlì yóò sì dàpọ̀.

INÚ NI ÌBÀJẸ́ TI Ń BẸ̀RẸ̀

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ onímọ́tò jẹ ni pé wọ́n ń wo ẹ̀yìn rọ́bà, wọ́n rí i pé kò sán, wọ́n sì ní ó ṣì dára. Ilé iṣẹ́ Gates ní Amẹ́ríkà, tí ó ń ṣe rọ́bà ọkọ̀, ti ṣàlàyé pé inú ni ìparun ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Irin ẹ́ńjìnnì, omi tí ó wà nínú rẹ̀ àti èédú tí a pò mọ́ rọ́bà ń ṣe bí bátìrì kékeré láàárín ara wọn. Iná díẹ̀díẹ̀ tí ó ń ti ibẹ̀ wá ń la ojú inú rọ́bà ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí láti òde. Omi yóò gba àwọn ilà náà dé ibi òwú tí a hun sáàárín rọ́bà láti fún un lágbára, òwú yóò jẹrà, rọ́bà yóò sì bẹ́ lọ́jọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ jù ni etí rọ́bà méjèèjì, láàárín nǹkan bí ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́ta sí ibi kílíìpù. Rọ́bà òkè, rọ́bà àbùjá àti rọ́bà hítà ni ó sì kọ́kọ́ ń lọ.

Àwa fúnra wa náà máa ń fi ọwọ́ ara wa ba rọ́bà jẹ́. Irú rọ́bà tí a fi ń ṣe é lóde òní le koko sí ooru àti sí omi gbígbóná, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni òun àti epo. Ọ́ìlì tí ń jò sí i lára, díísẹ̀lì tàbí kẹrosíìnì tí a fi ń fọ ẹ́ńjìnnì kí ó lè dán lójú oníbàárà, gbogbo wọn ń mú kí ó wú, kí ó sì rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi kànga oníyọ̀ tí a ń bù sínú rédíétọ̀ ń mú kí irin dípẹtà, ìpẹtà yóò sì di ọ̀nà mọ́ omi. Kúláǹtì tí a lú mọ́ omi mímọ́ ní oògùn ìpẹtà nínú, òun ni ó yẹ.

OHUN MẸ́RIN TÍ YÓÒ SỌ FÚN WA

Èkíní ni ọjọ́ orí. Ìmọ̀ràn ilé iṣẹ́ tí a dárúkọ lókè yìí ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn rọ́bà tí ó tètè ń bàjẹ́ kọjá ọdún 4 kí a tó pààrọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, kò bọ́gbọ́n mu kí a fà á kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ wọn sínú ìwé ọkọ̀. Lára rọ́bà mìíràn, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é máa ń tẹ ọdún sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra ọkọ̀ Tòkunbọ̀, tí ẹni tí ó tà á kò lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, ẹ ka gbogbo wọn sí arúgbó. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ náà jáde ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti wà lára rẹ̀. Bákan náà, ọkọ̀ tí a pa tì sí àgbàlá kò bọ́ lọ́wọ́ ọjọ́ ogbó, nítorí rọ́bà ń gbó bí ó tilẹ̀ jókòó.

Èkejì ni ìka ọwọ́. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ rọ́bà náà. Ẹ má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú, nítorí àtẹ́lẹwọ́ kò lè mọ ohun tí ìka mọ̀. Ẹ tẹ àárín rẹ̀, kí ẹ sì tẹ etí rẹ̀ lẹ́bàá kílíìpù. Rọ́bà tí ara rẹ̀ yá yóò le, yóò gbà fún ìka, yóò sì padà sípò lójú ẹsẹ̀. Bí etí bá rọ̀ ju àárín lọ, tàbí bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára pé ihò gbọọrọ wà lábẹ́ ìka bí ẹni pé ògiri inú ti là, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Bí ó bá le bí igi, tí ó ń dún bí ewé gbígbẹ, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Bí ó bá sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, bákan náà ni.

Ẹ̀kẹta ni ojú. Ẹ wá ohun funfun, aláwọ̀ ewé tàbí ìpẹtà tí ó gbẹ mọ́ ìdí kílíìpù, nítorí ibi tí omi ti ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ wo ibi tí ó wú, ibi tí ó sán, ibi tí ọ́ìlì ti rin ín, àti ibi tí ara rẹ̀ ti ń ha irin tàbí bẹ́líìtì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fún ẹ́ńjìnnì ní iná díẹ̀ kí ẹ sì wo rọ́bà ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń fún pọ̀ bí ẹni pé a ń fa ìka mu, rọ́bà náà ti rẹ̀, tàbí kí sípíríìńgì inú rẹ̀ ti pẹtà tán. Ẹ gbé ìjókòó sókè, ẹ lo tọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà tí ó bẹ́ lọ́nà Jẹ́bà kò sí níbi tí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lè rí i.

Ẹ̀kẹrin ni ìrìn àjò tí ó wà níwájú. Rọ́bà tí ọkàn wa ṣe iyèméjì nípa rẹ̀ lè gbé wa dé ọjà kí ó sì dá wa padà. Bí ó bá bẹ́ nígboro, mẹkáníìkì kò jìnnà. Ṣùgbọ́n láti Kánò dé Ìbàdàn, láti Màídúgùrì dé Ọ̀ffà, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi, pẹ̀lú ẹrù àti ènìyàn tí ó kún inú ọkọ̀. Ojú ọ̀nà òde òní kì í sì í ṣe ibi tí a ń fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ ni lórí. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò, kì í ṣe ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí ẹ ó gbéra. Bí kílíìpù kan bá fẹ́ jò, ẹ jẹ́ kí ó jò nígbà tí ẹ ṣì wà ní ilé.

ṢÉ KÍ A PÀÀRỌ̀ OHUN TÍ KÒ BÀJẸ́?

Àwọn kan yóò bi wá pé, ohun tí kò bàjẹ́, kí ni à ń tún un ṣe sí? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òtítọ́ ni pé rọ́bà tuntun tí kò dára lè burú ju rọ́bà ojúlówó tí ó ti lo ọdún díẹ̀ lọ. Ayédèrú ọjà pọ̀ nígboro. Bí ẹ bá rí rọ́bà tí ògiri rẹ̀ tín-ín-rín, tí a kò rí òwú nínú rẹ̀ níbi tí a ti gé e, tí ìtẹ̀kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì bá ti àtijọ́ mu, ẹ má ṣe rà á. Ẹni tí ó bá fi ipá tẹ rọ́bà gbọọrọ sí ipò rọ́bà tí ó kọ́rọ́ yóò rí i pé ó fún pọ̀ lójú ibi tí ó tẹ̀, omi kò sì ní kọjá. Rọ́bà Tòkunbọ̀ tí a tú lára ọkọ̀ mìíràn kò tún yẹ, nítorí ọjọ́ ogbó kan náà ni ẹ fi owó rà.

Nítorí náà, bí rọ́bà yín bá jẹ́ ojúlówó, tí kò tíì pé ọdún 4, tí ìka àti ojú sì jẹ́rìí sí i, ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe owó ni a fẹ́ kí ẹ fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán ẹ̀yìn rẹ̀ tàn yín jẹ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí ẹ mọ̀, yálà ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní abúlé mẹkáníìkì Àpò ní Àbújá tàbí ní ìlú tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì mú rọ́bà àtijọ́ lọ́wọ́ láti fi wé tuntun. Ẹ béèrè iye tí gbogbo rọ́bà ọkọ̀ yín pẹ̀lú kílíìpù yóò jẹ́, kí ẹ tún béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti tú orí ẹ́ńjìnnì, láti fá a tẹ́ẹ́rẹ́ ní ilé ẹ̀rọ, àti láti ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Nígbà tí ẹ bá fi iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò ní sí àríyànjiyàn mọ́.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, rọ́bà òkè àti rọ́bà àbùjá ni kí ẹ fi ṣáájú, kí rọ́bà hítà tẹ̀ lé wọn, kí ti ìsàlẹ̀ kẹ́yìn. Ní ti hítà ẹ̀yìn tí a kì í lò, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ lè yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà omi, kí wọ́n so ẹnu irin méjèèjì pọ̀ níwájú pẹ̀lú rọ́bà kúkúrú kan. Omi yóò máa yípo bí ó ti yẹ, rọ́bà gígùn abẹ́ ọkọ̀ kò sì ní lè ṣe wá ní jàǹbá mọ́.

BÍ A TI Ń ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fa rọ́bà àtijọ́ kúrò lára ẹnu rédíétọ̀, nítorí ẹnu náà lè kán. Ọ̀bẹ ni kí a fi là á gbọọrọ, kí a sì ṣí i bí ẹni bó ẹ̀pà. Kí a ha ìpẹtà kúrò lára ẹnu irin kí rọ́bà tuntun lè jókòó dáadáa. Kí a ti kílíìpù tuntun mọ́ ọn, kì í ṣe wáyà. Kí a mú un le níwọ̀n, nítorí kílíìpù tí a mú le jù yóò gé rọ́bà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí a tún wò ó bóyá ó fẹ́ kí a fi kún un. Níwọ̀n ìgbà tí omi ti jáde, ó yẹ kí a wo tẹ́mósítáàtì àti ìdérí rédíétọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí a bá ń dá omi padà, kí a rọra dà á, kí a ṣí hítà, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò fi jáde tán.

Ẹ gba kúláǹtì àtijọ́ sínú ike. Adùn rẹ̀ ń fa ẹran ọ̀sìn àti ọmọdé mọ́ra, májèlé sì ni.

BÍ Ó BÁ BẸ́ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Bí abẹ́rẹ́ bá gun òkè, bí òórùn dídùn kúláǹtì bá wọ inú ọkọ̀, tàbí bí ẹ bá rí ooru tí ń rú jáde, ẹ dúró lójú kan náà níbi tí kò léwu, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Bí abẹ́rẹ́ tí ó gun òkè bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ má ṣe yọ̀ bí Bàbá ti yọ̀. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí ọwọ́ yóò fi lè dúró lára rẹ̀ láìjó. Ẹ má ṣe da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ó lè là.

Ẹ máa gbé omi jálá kan tàbí méjì, kílíìpù mélòó kan, ọ̀bẹ, sukudiráfà àti ilà rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dání. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, a lè fi ilà rọ́bà yìí wé ojú ibi tí ó là pinpin, kí a dè é, kí a bu omi sí i, kí a sì rọra wa ọkọ̀ dé ìlú tí ó súnmọ́ jù lọ, kò sì gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀ràn bá ju agbára yín lọ, nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

ÌKÁDÌÍ

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Kì í ṣe pé babaláwo kò gbẹ́kẹ̀lé ohun tí ó rí ní ìjẹ́ta. Ó mọ̀ pé ohun tí ó dára ní ìjẹ́ta lè ti yí padà ní òní. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a máa fi ìka kan rọ́bà omi ọkọ̀ wa lóṣooṣù, kí a sì máa ka ọdún rẹ̀.

Bàbá tí ó ni bọ́ọ̀sì yẹn kò dẹ́kun àti máa kó ará lọ sílé. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1997 títí ó fi fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, ó ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ọjọ́ rọ́bà kọ̀ọ̀kan sí. Nígbà tí mo bi í léèrè pé owó tí ó ná ni ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀, ó mi orí. Ó ní owó a máa padà, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí òun ṣe lè san ìsìnkú kan padà fún ìyá àgbà.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra ilé, ẹ gbé ìjókòó ọkọ̀ yín sókè kí ẹ tó gbéra. A kí yín pé, àrìnnàkore o.